Àlàyé Ojú Ìwé Keje

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Mo ti gba fọ́ọ̀mù náà. Ojú ìwé mọ́kànlá. Mo tì í bọ abẹ́ máàpù ńlá tó wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Láti ìgbà tí mo ti kóòtù dé lóṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń wọn ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti pè mí jẹ́rìí, wàhálà kankan ò sì dé bá mi níbẹ̀ rí. Màá ka iye ẹsẹ̀ bàtà fún wọn, màá sọ ibi tí òkúta ààlà wà, màá gbé báàgì mi, ó parí. Àfi lọ́jọ́ náà tí lọ́yà obìnrin kan, ènìyàn kékeré báyìí, tí awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, dìde tó ní, "Ẹ ṣeun, Awọnlẹ̀. Ẹ ti sọ ibi tí òkúta wà fún wa. Ta ló wá sọ fún yín pé òkúta náà ò rìn?"

Adájọ́ ń wò mí. N kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bi mí rí, èmi náà ò sì bi ara mi rí.

Ó yẹ kí inú bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe délé, ohun tí mo ń rò ni pé: níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Orúkọ, kò le. Ọjọ́ orí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò le. Ojú ìwé kẹta: "Ipò wo lo fi jáde ní yunifásítì?" Mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ po tíì.

Ìpele kẹta ni mo fi jáde, nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Nígbà tiwa, "Ṣáà-ti-jáde" là ń pè é.

Ojú ìwé keje ló wá dá mi dúró pátápátá: "Bí ipò rẹ bá kéré sí ìpele kejì, fi ojú ìwé kan péré ṣàlàyé ohun tó fà á." Ọdún mẹ́ta ni mo fi ba nǹkan jẹ́, ojú ìwé kan ni wọ́n fún mi láti fi ṣàlàyé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá gbé máàpù, ó rí fọ́ọ̀mù.

"Ilé ẹ̀kọ́ òfin? Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló máa wá di òpó ìwọ̀nlẹ̀ mú fún mi?" Ó ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ń mi orí. "Àwọn tí wọ́n ń fi ìbéèrè gún wa lójú ní kóòtù, o fẹ́ lọ bá wọn ṣe."

Mo rò pé ó bínú ni. Ó ṣí i dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì tó mọ̀ mí. Ó ní, "Kọ orúkọ mi síbí. Ìkejì ńkọ́?" Mo ní n kò tíì rí i. Ó ní kí n má lọ gbé orúkọ aláriwo kankan ti tòun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Òjò láti àárọ̀. Ilé Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ náà wá. Ìgbà tí a jẹun tán ni mo tó sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé ọ̀dà ilé ló ń tà, tó sì lè ta funfun fún ẹni tó wá ra dúdú, ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Kí ló wá le níbẹ̀? Kọ ọ́ pé Màmá ṣàìsàn. Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, ta ló máa bi í ní máàkì? Omijé ló máa bọ́ lójú wọn."

Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ohun tí èmi fúnra mi ti ń sọ fún gbogbo ayé láti ọdún méjìlá nìyẹn.

Màámi gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ àfi bí ọwọ́ wọn bá ṣófo. "Ẹ lò mí o," wọ́n ní. "Oṣù mẹ́rin ni àìsàn yẹn fi bá mi fínra, kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á dá a padà fún ẹ." Mo ní àmín. N kò béèrè ohun tó fẹ́ dá padà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ra ìwé ìdánrawò fún ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ó wọ́n bí ojú. Ènìyàn méje jókòó sórí àga gígùn kan. Dókítà kò gbọ́dọ̀ jókòó ti káfíńtà. Bí awakọ̀ bá wà ní ìkángun, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

Ó dùn mọ́ mi débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà, mo ń gbé káfíńtà láti ìjókòó sí ìjókòó nínú orí mi. Ìgbà wo ni ohun ìdánwò ti pa mí lẹ́rìn-ín kẹ́yìn?

Mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ní ogún ló dára.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo gba àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo lọ gba ìwé máàkì mi ní yunifásítì. Wọ́n ti kun gbogbo ilé ibẹ̀ àfi yàrá àkọsílẹ̀. Bàbá tó wà níbẹ̀ fi rọ́bà sórí àtàǹpàkò, ó ń ṣí fáìlì láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fa tèmi yọ, ó wò ó, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ni èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ojú ẹ ò jọ ọ́."

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè jọ wò ó. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí aburú bá ṣẹlẹ̀ sí, máàkì rẹ̀ á já lulẹ̀ gbì lọ́jọ́ kan. Tìẹ ò já. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nílé tí ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá mi ló ṣàìsàn, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo fẹ́ so ìwé ọsibítù Màámi mọ́ àlàyé mi kí wọ́n má baà rò pé mo ń dá ọgbọ́n. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ilé wa, kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ. Mo kọ ọ́ sórí bébà. Mo wá kọ ọjọ́ ìdánwò tí mo ti kọ́kọ́ gba òdo sábẹ́ rẹ̀: oṣù kejì. Ọdún kan náà.

Mo nu awò ojú mi. Mo tún un wò.

Oṣù mẹ́fà gbáko kí ohunkóhun tó ṣe Màámi, mo ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, kò sí ohun tó kù tí àìsàn lè bà jẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ fún Ọ̀gá, mo ti sọ ọ́ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ mi, mo sọ ọ́ fún bàbá olóòǹtẹ̀ lánàá, n kò sì fìgbà kan ṣẹ́jú.

Kí ló wá ṣe mí? Ọmọ ogún ọdún, ara rẹ̀ le, ilé rẹ̀ tòrò, ó gba máàkì dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́. Kí ló ṣe é?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

N kò lọ sílé Màámi. Mo ní òtútù mú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A lọ pín ilẹ̀ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, obìnrin méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní ibi igi ńlá ni bàbá àwọn fi ààlà sí. Àbúrò ní ibi kànga ni. Àwọn méjèèjì búra, àwọn méjèèjì sì sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Kò bọ́ sí ìdí igi, kò bọ́ sí kànga. Mo wo ojú wọn dáadáa: kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Yàrá kan náà la jọ gbé lọ́dún kejì, a sì jọ wà ní kíláàsì kó tó bọ́ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

"Kí ni mo ń ṣe lọ́dún yẹn?" mo bi í.

"O ò rántí ni? Ìwọ tí o kì í lọ sí kíláàsì! Wàá gbé báàgì lówùúrọ̀ bí ènìyàn gidi, wàá lọ jókòó sí òkè kẹrin ní ilé ìkàwé. Ìwé nípa ẹja, ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá. Wàá wá dé ní ìrọ̀lẹ́, wàá máa sọ ìtàn ẹja fún mi."

"Kí ló dé tí n kì í fi í lọ?"

Mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú ilé ìdáná rẹ̀. "Ṣebí nítorí Olùkọ́ Ìṣirò yẹn ni. O na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o bi í pé kí ló dé tí ìṣirò tó kọ sójú pátákó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní láti béèrè ìyẹn, kò yẹ níbí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tọrọ àforíjì. O ò wọ ibẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, o ò wọ ti ẹlòmíràn náà mọ́."

Mo rántí afárá. Mo rántí ẹja. N kò rántí ẹ̀rín náà rárá, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, etí mi gbóná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Mo lọ bá a. Olùkọ́ Ìṣirò ti di olórí ẹ̀ka báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń fi síbí kékeré ro tíì rẹ̀. Mo sọ ọdún mi, mo sọ ìbéèrè náà, mo sọ èsì tó fún mi. Inú mi ti gbóná láti inú bọ́ọ̀sì. Mo ti to gbogbo ohun tí màá bá a sọ.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "N kò rántí rẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹnì kan lọ́dọọdún, kí ọ̀lẹ lè tètè sá."

"Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ, sà."

"Ṣùgbọ́n o sá."

Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Kò dára kí n máa sọ ọ́. Ìyàwó mi pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin ènìyàn ló wà nínú kíláàsì yẹn. Àwọn mìíràn gbọ́ èyí tó burú jùyẹn lọ lẹ́nu mi, wọ́n sì jókòó. Kí ló dé tí ìwọ ò jókòó?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ìbéèrè gidi nìyẹn." Ó wá fa bébà kan, ó sì ṣàlàyé ohun tí mo bi í ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn fún mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ó yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ó rọrùn láti máa gba òdo nítorí pé n kò lọ, ju kí n lọ kí n sì gba òdo. Ẹni tí ò sí níbẹ̀, ta ló lè sọ pé kò mọ̀wé?

Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé keje. Mo fa igi lé e. Mo tún un kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ìdánwò. Gbọ̀ngàn tútù, àga ń dún. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ṣépè fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń dáhùn, mo gbàgbé pé òun ló máa sọ bóyá wọ́n á gbà mí wọlé. Ìgbà tí wọ́n ní kí a gbé bírò sílẹ̀ ni mo tó rántí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà obìnrin náà. Ìkejì tí mo fẹ́ kó kọ ìwé ẹ̀rí fún mi nìyẹn. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Awọnlẹ̀! Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí mo dà láàmú tó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi."

Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, mo béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín ní ìbéèrè yẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kóòtù. Ẹ kọ ọ́ pé koríko ti bo àwọn òkúta yòókù, ṣùgbọ́n èyí mọ́ tónítóní. Mo bi ara mi pé, ta ló ń fọ òkúta?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú yín rí i. Ẹnu yín ni ò béèrè."

Ó ní òun á kọ ọ́ bí òun bá kọ́kọ́ ka ojú ìwé keje. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ tọrọ àforíjì. Kí lẹ ṣe fún wọn? Ẹ yọ ọ́. Níbí, ẹ ní olùkọ́ yìí ba ayé yín jẹ́. Ṣé ó dè yín lẹ́sẹ̀ ni? Ẹ yọ ọ́." Ìgbà tó parí, ohun tó kù ò ju ìdajì ojú ìwé lọ, ó sì dà bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn gidi ló kọ ọ́.

Ó wá gbójú sókè. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ti máa ń fi àìsàn màmá yín bo ọ̀rọ̀ náà. Ṣé wọ́n ti ka èyí?"

"Wọn ò tíì kà á."

"Ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Inú ẹnikẹ́ni kì í dùn láti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní kóòtù kó tó gbọ́ ọ nílé."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èsì ìdánwò dé. Ó dára. Kò ga débi tí yóò fi bo máàkì mi àtijọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára. Ọ̀gá ra súìtì fún gbogbo ọ́fíìsì, ó ń sọ fún wọn pé òun lòun kọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fún Màámi ní bébà náà lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ó ku àwa méjèèjì. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

"Oṣù kejì," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí n tó ṣàìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n pa á dé. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, pé wọ́n á ní àìsàn àwọn ò tilẹ̀ wúlò fún nǹkan kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ọdún méjìlá ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó forí jì mí," wọ́n ní. "Pé mo fi àìsàn mi dínà mọ́ ọmọ mi. Nígbàkígbà tí mo bá rí ẹ tí o ti inú ẹrẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú bàtà òjò yẹn, mo máa ń sọ nínú mi pé, èmi ni mo fà á. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ bá fi ṣeré, mo máa ń bá yín ṣe é, kí o má baà mọ̀."

"Màámi, n kò mọ̀ pé ẹ—"

"O ò béèrè." Wọ́n na bébà náà sí mi. "Ẹrù ẹ ni mo ti ń rù láti ọjọ́ yìí wá. Máa lọ sílé ẹ."

N kò mọ bí mo ṣe dé ibùdókọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi pè. "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀ níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á wọlé? O wá tún lọ dá Màmá lọ́kàn rú!" Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo pe Màámi. Wọn ò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọn ò gbé e. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni fọ́ọ̀mù máa parí. Mo lè fi ránṣẹ́ lónìí. Mo gbé e dé ẹnu ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tún gbé e padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ń ya máàpù lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gá dìde fùú tó ń gbé àga. Màámi ló wọlé. Wọn ò wá sí ọ́fíìsì mi rí. Wọ́n kí Ọ̀gá, wọ́n jókòó, wọ́n wo gbogbo ògiri tí máàpù wà, wọ́n wo bàtà òjò mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó dáa, mú bébà yẹn wá."

Mo mú un wá. Wọ́n yọ bírò pupa nínú báàgì wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. "Gbólóhùn kẹta gùn jù, ènìyàn ò ní lè mí. Ibí yìí, o ò fi àmì sórí rẹ̀. Èyí ò sí nínú èdè wa rárá, níbo lo ti gbọ́ ọ?" Ọ̀gá ṣe bí ẹni pé òun ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ gbólóhùn kan: *Nígbà tí ìyá mi wá ṣàìsàn, mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa fún oṣù mẹ́rin.*

"Fi ìyẹn kún un. Òótọ́ lòun náà."

Mo gba bébà náà lọ́wọ́ wọn.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, Mà."

"Kò ní tán lónìí."

"Ó yé mi, Mà."

Wọ́n gbé báàgì wọn. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n fi agbòjò bò wọ́n lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo fi ránṣẹ́. Méjì: ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ńlá, ọ̀kan sí ti ìrọ̀lẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè kàwé. Gbólóhùn Màámi ló parí àlàyé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá

Ilé ẹ̀kọ́ ńlá: rárá. Ìlà méjì. Orúkọ mi gan-an, wọ́n ṣì í kọ.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ti ìrọ̀lẹ́ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ènìyàn mẹ́ta lẹ́yìn tábìlì gígùn, fèrèsé lẹ́yìn wọn, n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú wọn. Ọ̀kan béèrè nípa ilẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lórí ìyẹn. Obìnrin tó wà láàárín wá gbé àlàyé mi sókè.

"Ẹ ní ẹ sá. A dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rí tí a ní pé ẹ ò ní sá níbí? Níbí, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le ju ti olùkọ́ yẹn lọ."

Mo ti múra èsì kan sílẹ̀, ó dán, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi la ti jọ kọ ọ́. Mo ṣí ẹnu, kò jáde. Ohun tí mo sọ ni pé: "Ẹ̀rí mi ò pọ̀, Mà. Lóṣù tó kọjá, mo padà lọ bá olùkọ́ náà. Mo sì fi bébà yìí han ìyá mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó le ju ìdánwò lọ. N kò sá."

Bàbá tó wà ní ìkángun, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé, bi mí pé, "Olùkọ́ yẹn, ìbéèrè wo gan-an lẹ bi í?"

Mo sọ fún un. Mo dìde, mo yà á sórí bọ́ọ̀dù fún wọn, bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Họ́wù! Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

N kò mọ ibi tó máa já sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá

Oòrùn mú. A wọn pápá kan láti òwúrọ̀, ìwọ̀n méjì ò bára mu, Ọ̀gá ní kí a fi sílẹ̀ di ọ̀la. N kò gbà. Mo rí i: òpó tó wà ní ìhà odò ti tẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Lẹ́tà dé. Orí ìdúró ni mo ti kà á, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

Wọ́n gbà mí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn sí i: ìdajì ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ márùn-ún, mo gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bọ́, mo ti jáde nìyẹn, kò sí àlàyé, kò sí ojú ìwé keje.

Mo pariwo. Aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá ejò ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilé Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè wọ́n ṣáájú mi, ẹnu rẹ̀ ò gba nǹkan, ó ń sọ fún wọn pé èsì òun ló gbà mí wọlé. N kò tíì jẹ́wọ́ fún un pé n kò lò ó.

Màámi wọ awò ojú, wọ́n ka lẹ́tà náà láti òkè dé òǹtẹ̀. Wọn ò yọ bírò pupa. Wọ́n fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ àdéhùn sí.

"Iṣẹ́ márùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Bí o bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ẹ̀bi ta ni?"

"Ẹ̀bi tèmi ni, Mà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ká lẹ́tà náà jẹ́jẹ́, wọ́n sì tì í bọ inú Bíbélì wọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sí.

"Bí mo bá wá yege ńkọ́, Mà?" mo béèrè.

"Ìyẹn, tèmi ni," wọ́n ní, wọ́n sì dìde lọ bu oúnjẹ.